Etí Tó Nípọn

Síkúrù kékeré náà ti tú. Àkọ́bí fi ẹnu ọ̀bẹ yọ dígí òsì kúrò nínú awò ojú àbúrò rẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Dígí náà rí roboto. Etí rẹ̀ kan nípọn, èkejì fẹ́lẹ́. Ó ń gbọ́ bí àbúrò náà ṣe ń da omi sára nílé ìwẹ̀. Àyè ṣì wà.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàdínlógún ni Àkọ́bí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Láti kékeré ni ojú òsì àbúrò yìí ti máa ń sá lọ sí apá etí, tí ohun kan ṣoṣo á di méjì lójú rẹ̀. Káfíńtà ni bàbá wọn. Nígbà yẹn, bí ọmọ náà bá gbé ayùn lé pákó, ilà tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń gé. Àkọ́bí sọ ọ́ ní Méjì-méjì. Gbogbo ilé fi rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, oníṣẹ́ awò gé dígí kan tó ń da ohun méjì náà pọ̀ di ẹyọ kan. Ó fi hàn wọ́n ní ìsọ̀ rẹ̀.

"Ẹ wo etí tó nípọn yìí. Apá imú ni ipò rẹ̀. Bó bá yí sí apá etí, méjì náà á tún jìnnà síra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Kò pẹ́ tí àbúrò fi ń gé pákó bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Bàbá yí orúkọ rẹ̀ padà, ó ń pè é ní Tààrà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ẹni tó bá gé pákó ìlẹ̀kùn tọ́ jù lọ lọ́jọ́ Sátidé ni òun máa fa ẹ̀rọ ayùn lé lọ́wọ́. Ó wo Àkọ́bí.

"Ìwọ náà gbìyànjú, kí wọ́n má baà ní mo ṣojúsàájú."

Ọdún márùn-ún ni Àkọ́bí ti ń gbá ìyẹ̀fun pákó ní ìsọ̀ náà.

Ó yí dígí náà, etí tó nípọn bọ́ sí apá etí. Ó de síkúrù rẹ̀ padà.

Nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀ ní Sátidé náà, Àkọ́bí ló kọ́kọ́ gé tirẹ̀. Bàbá fi ìka tọ etí pákó náà.

"Kò burú," ó ní. "Fún ìwọ."

Tààrà dúró nídìí ẹ̀rọ. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Bàbá, láti àárọ̀ ni ohun gbogbo ti ń di méjì lójú mi."

"Pẹ̀lú awò lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la."

"Bó bá di ọ̀la, o ti fìdí rẹmi nìyẹn."

Ọmọ náà di ojú kan.

"La ojú rẹ méjèèjì! Ta ló ń dijú nídìí ayùn?"

Tààrà bọ́ awò náà, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ó ti wọ́ ni?"

Àkọ́bí gbà á. Ó rí etí tó nípọn níbi tó fi sí. Ó dá a padà.

"Kò sí ohun tó ṣe é. Méjì-méjì, gé e, ká máa lọ sílé."

Bàbá rẹ́rìn-ín.

Tààrà wọ awò náà padà, ó tan ẹ̀rọ. Pákó wọlé dé ìdajì. Ọwọ́ òsì méjì ló ń rí lórí pákó náà. Ó gbà pé èyí tó jìnnà sí ayùn ni tòótọ́.

Ìka méjì bọ́ sínú ìyẹ̀fun pákó.

Awò náà já bọ́, ó sì tẹ̀. Ìyá wọn gbé e lọ fún oníṣẹ́ awò kó bá a tò ó. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìmọ́lẹ̀.

"Ta ló yí dígí yìí? Kì í dédé yí. Ẹ wo ibi tí ọ̀bẹ ti ha síkúrù."

Ìyá délé, ó gbé awò sórí tábìlì. Ó ní ẹnì kan ló fi ọ̀bẹ yí dígí rẹ̀.

"Ta ni?"

"Pákó ni mo fẹ́ kó bàjẹ́," Àkọ́bí wí.

Tààrà ń wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

"Mo gbé e lé yín lọ́wọ́," ó ní. "Ẹ wò ó. Ẹ dá a padà fún mi."

Bàbá dìde. "Ẹ̀rọ lo fẹ́. Gbà á." Kò mẹ́nu ba ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà.

Ìlara ló yí dígí. Irọ́ ló gé ìka. Bí Àkọ́bí bá ti sọ òótọ́ nígbà tí awò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré ì bá ti tó. Kí ọmọ tó bá ń ka èyí fi í sọ́kàn.

Àkọ́bí ló ń lo ẹ̀rọ ayùn báyìí. Tààrà ló ń gbá ìyẹ̀fun pákó. Pákó ọjọ́ náà ṣì fara ti ògiri ìsọ̀. Ìdajì ilà rẹ̀ ni wọ́n gé.