Sìlíńdà Tí Kò Níhò

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ láàárín ọparun ní pápá eré ogun Okudaira ní Chiba. Àwọn tó wá ṣeré ti wọ aṣọ ogun wọn, wọ́n sì tò síwájú tábìlì ìdíwọ̀n, oníkálukú pẹ̀lú ìbọn ìṣeré rẹ̀ lọ́wọ́. Bí a ṣe ń ṣe é ní pápá gbogbo nìyẹn: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wo bí ọta ike rẹ ṣe ń sáré tó kó o tó wọlé. Ìbọn tó bá yege là ń lẹ tépù pupa mọ́.

Chizuru, ọmọ onípápá, ló jókòó sídìí ẹ̀rọ. Bó ṣe rí Tomohisa lórí ìlà, ó sáré wolẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀rín tó gba ojú rẹ̀ kan. Ìfẹ́ àwọn méjèèjì ti ta gbòǹgbò. Lónìí yìí gan-an, lẹ́yìn ìrẹsì àti ọbẹ̀ kọ́rì ọ̀sán, ni Tomohisa fẹ́ tọ Ọ̀gbẹ́ni Okudaira, bàbá Chizuru, lọ láti tọrọ ọmọ rẹ̀.

Ohun kan ló ń jẹ Tomohisa lọ́kàn. Agogo irin kan wà lára igi kédárì lẹ́yìn pápá, ọta Tomohisa kì í sì í dé ibẹ̀. Okudaira ti fi ṣẹ̀fẹ̀ rí pé, "Ẹni tí ọta rẹ̀ ò kan agogo, kí ló fẹ́ fi gbọ́ bùkátà ọmọ mi?" Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Tomohisa nìkan ló gbé ọ̀rọ̀ náà sùn.

"O káàárọ̀, Tomo," ni Chizuru wí.

"Káàárọ̀, olólùfẹ́ mi. Tètè bá mi lẹ tépù, kí n lọ kan agogo bàbá ẹ."

"Ẹ̀rọ ò mọ olólùfẹ́. Yìn ín ká rí i."

Tomohisa yìn ín. Nọ́ńbà tó jáde kéré, ó kéré jù. Chizuru tẹ́ ìbọn náà síwájú ara rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ta ló yí kọ́bù yìí dé òpin?"

"Kọ́bù wo?"

"Wò ó, má ṣe bí ẹni tí ò mọ̀. Kọ́bù tó ń tẹ rọ́bà mọ́ ọta lórí. Tó bá le tó báyìí, rọ́bà á di ọta mú, ẹ̀rọ á wá máa ka irọ́." Ó dá a padà síbi tó yẹ. "Tún un yìn."

Nọ́ńbà yọ lójú ẹ̀rọ: mítà méjìdínláàádọ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òfin kò sì gbà ju méjìdínlọ́gọ́rùn-ún lọ fún irú ọta náà.

Ojú ẹ̀rọ kọjú sí àwọn méjèèjì nìkan. Tomohisa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Chizu, mo bẹ̀ ọ́. Lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá ẹ bá gbọ́, wọ́n á lé mi. Kí la fẹ́ jọ sọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán?"

Ojú Chizuru rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò kan tépù.

"Kí lo ṣe sí i?"

"Mi ò fọwọ́ kan sípíríǹgì! Mo búra! Ṣebí sípíríǹgì ló ń fún ìbọn lágbára? Sìlíńdà tí afẹ́fẹ́ ń wà nínú ẹ̀ àti orí písítìnì tó ń tì í jáde nìkan ni mo pààrọ̀."

"Sìlíńdà tuntun yẹn, ó níhò lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Kò ní. Ó dán yí ká."

"Ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti wọlé. Ihò tó wà lára ti tẹ́lẹ̀, àwọn tó ṣe ìbọn ló mọ̀ọ́mọ̀ lu ú, kí díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lè sá jáde. O ti dí ihò, o tún fi orí písítìnì tó fún pinpin sí i. Gbogbo afẹ́fẹ́ wá ń ti ọta láti ẹ̀yìn. Sípíríǹgì kan náà, agbára mìíràn."

Tomohisa yẹ ìbọn náà wò láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́.

"Ṣé o ti wo eyín iwájú bàbá mi dáadáa?" Chizuru ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Àtọwọ́dá ni. Ìbọn tẹ́nì kan tún ṣe nílé ló ká ti àkọ́kọ́. Ká ní ọta náà gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì tó ń dáàbò bojú wọlé ńkọ́? Òfin ò sì ní bi ọ́ léèrè bóyá o yìn ín o. Kí irú ẹ̀ wà nínú yàrá ẹ lásán, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Tomo. Nítorí náà ni mi ò fi ní lẹ̀ ẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa eré wa. Kò sí adájọ́ tó ń sọ ẹni tí ọta bà. Ìwọ fúnra rẹ lo máa na ọwọ́ sókè, tí wàá kígbe pé "Ó bà mí!", wàá sì rìn jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni gbogbo eré dúró lé.

Tomohisa dìde dúró. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sókè gbọọrọ níwájú gbogbo èrò.

"Ó bà mí!"

Reiji, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló yìn ọ́? Eré ò tíì bẹ̀rẹ̀! Àbí Chizuru ló fojú yìn ọ́?"

"Ìbọn mi ló kọjá òfin," ni Tomohisa dáhùn. "Èmi ni mo sì yí kọ́bù láti fi bò ó."

Àwọn tó wà lórí ìlà yíjú sí wọn. Okudaira rìn bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọ́rì, síbí ìdáná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àwọn ẹ̀yà àtijọ́ dà?"

"Wọ́n wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, sà."

"Yọ bátìrì yẹn kíákíá. Jókòó síbẹ̀ yẹn, kó o dá wọn padà lójú mi."

Ó tú u, ó tò ó. Sìlíńdà oníhò padà sílé rẹ̀. Ẹ̀rọ ka mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, kọ́bù sì wà níbi tó yẹ. Chizuru lẹ tépù pupa mọ́ ìbọn náà, ìka wọn sì fara kanra díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

"Agogo ńkọ́ báyìí?" ni Reiji ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Okudaira ló dá a lóhùn. "Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti rọ ni? Ẹni tí ọta rẹ̀ ò dé, kó sún mọ́ ọn."

Tomohisa dojúbolẹ̀, ó rá pálá gba abẹ́ ọparun, ẹrẹ̀ bò ó dé irun. Kò pẹ́, gbogbo pápá gbọ́ ọ: gbìn-ín!

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó kúnlẹ̀ síwájú Okudaira bó ti wà, ẹrẹ̀ lójú, ẹrẹ̀ létí.

"Sà, Chizuru ni mo fẹ́ fi ṣaya."

Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀, ó wo tépù pupa tó wà lára ìbọn. Ó rọra na síbí ìdáná sókè.

"Ó bà mí," ni ó wí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ má ṣe pààrọ̀ sìlíńdà tàbí písítìnì ìbọn ìṣeré yín nítorí kí ọta lè sáré sí i. Bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́, irú èyí tó bá a wá ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ síwájú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó fi ṣeré. Gíláàsì ojú ò gbọdọ̀ kúrò lójú yín nínú pápá. Tí nọ́ńbà bá sì kọjá òfin, ẹ má ṣe yí kọ́bù láti fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ yọ bátìrì, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sókè. Ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́. Eyín tó bá ká ni kì í hù mọ́.