Ìyá Tí Láyíwọlá Pè Ní Àjẹ́

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ kà á. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn rere, n kò sì ní bá a bo ìwà rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Láyíwọlá ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti sá fún un. Ìyá rẹ̀, opó tí àwọn ará ilé ń pè ní Màmá Láyí, ló ń dáná fún un nínú yàrá méjì tí wọ́n ń gbé ní Múṣín.

Nígbà tó yá, ara Láyíwọlá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ń jẹun bí ẹni tí kò rí oúnjẹ rí, síbẹ̀ ṣòkòtò ń já bọ́ nídìí rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń wọ súẹ́tà, òun ń làágùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, kódà lórí ìjókòó. Oorun dá lójú rẹ̀, ẹyinjú rẹ̀ yọ síta, inú tó sì ti ń bí i tẹ́lẹ̀ wá di iná.

Jethro, onígbàgbọ́ tó ń ta ṣọ́ọ̀kì mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ bá a sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ara yín ò dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù. Ẹ sì jẹ́ kí Jésù wọ inú ayé yín."

"Jethro, lọ wàásù fún àwọn ṣọ́ọ̀kì ẹ."

"Mo ti wàásù fún wọn. Wọ́n ń gbọ́ jù yín lọ."

Láyíwọlá kò rẹ́rìn-ín. Lọ́kàn tirẹ̀, ó ti mọ ẹni tó ń ṣe é. Òun ń jẹun, òun ń rù. Ẹnì kan ló ń jẹ òun. Ta ló ń dáná? Gẹ̀gẹ̀ sì wà lọ́rùn ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó máa ń fi ìborùn bò. Ní gbogbo àárọ̀ ni obìnrin náà máa ń fi oríkì jí i, bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe. Láyíwọlá wá ń gbọ́ oríkì náà bí ọfọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

"Àjàní ọkọ mi. Àjàní tó wọlé tí ìyá gbàgbé ìrora. Jí, ọmọ mi..."

"Pa ẹnu ẹ dé!" Kò pe ìyá rẹ̀ ní "ẹ̀yin" mọ́. "Ọfọ̀ tí o fi ń fà mí mu nìyẹn!"

Ó wọ́ ọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó já ìborùn náà kúrò lọ́rùn rẹ̀ lójú gbogbo ará ilé tó ń múra ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ wò ó! Gbogbo ẹran ara mi ló kó síbẹ̀! Àjẹ́! Jáde nílé mi!"

"Àjàní, èmi? Èmi tí mo bí ẹ?"

Ẹnì kan pariwo láti yàrá aládùúgbò pé, "Màmá Láyí, ẹ pọ̀ ọ́ fún un, ọmọ yín ni o!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀, ó he ìborùn rẹ̀. "Oúnjẹ ẹ wà lórí sítóòfù," ó wí. "Jẹ ẹ́ kó tó tutù." Láyíwọlá da oúnjẹ náà sínú gọ́tà kí ìyá rẹ̀ tó dé ẹnu géètì.

Jethro ló gba ìyá náà sílé ní Yábà. Láyíwọlá ń dáná fúnra rẹ̀ báyìí, síbẹ̀ ó ń rù sí i. Ta ló wá ń jẹ ẹ́? Kò bi ara rẹ̀.

Jethro wá bẹ̀ ẹ́. "Ara Màmá ò yá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bèèrè."

"Sọ fún àjẹ́ yẹn pé kó kú."

Lọ́jọ́ tí Jethro tún wá, bó ṣe ń la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ni Láyíwọlá ṣubú lulẹ̀ láàárín àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Jethro gbé e dé ọsibítù. Dókítà, obìnrin kan, fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó ní kó gbé omi mì, kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, dókítà ní:

"Ọ̀gá, ẹ mọ ẹ́ńjìnnì tó dúró sójú kan tó ṣì ń hó bíi pé wọ́n tẹná mọ́ ọn? Bí ara yín ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yà kékeré kan wà níwájú ọ̀fun, táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Tiyín ń ṣiṣẹ́ jù. Oògùn wà fún un. Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ní gẹ̀gẹ̀? Ó máa ń bá ìdílé rìn."

Jethro ló dáhùn.

"Ìyá wọn ni, dókítà. Àárọ̀ yìí ni wọ́n kú. Ohun tí mo wá sọ fún wọn nìyẹn kí wọ́n tó ṣubú."

Láyíwọlá di ọwọ́ Jethro mú, ó bèèrè pé, "Ṣé wọ́n dárí jì mí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní parọ́ fún yín. Wọn ò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ẹnì kan wà tó ń gbọ́ yín báyìí."

Láyíwọlá bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. "Jésù, èmi ni àjẹ́ náà. Èmi ni mo jẹ ìyá mi. Gbà mí."

Jésù gbà á. Oògùn náà sì ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n kò tíì sí oògùn tó gbé ìyá dìde.

Ìwọ ńkọ́? Bí o bá ń rù láìjẹ́ pé oúnjẹ dínkù, tí àyà rẹ ń sáré, tí ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, tí ooru ń mú ọ ju àwọn ẹlòmíràn lọ, tàbí o ń sanra láìjẹun púpọ̀, tí òtútù ń mú ọ, tí oorun ń kùn ọ́, tí ohùn rẹ kẹ̀, tí o ń gbàgbé nǹkan, tàbí ọrùn rẹ ń wú, má wá àjẹ́ kiri. Ó lè jẹ́ táírọ́ìdì, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Lọ kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ́ àìsàn ọkàn rẹ sì ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wò ó sàn, òní sì ni ọjọ́ rẹ̀. Sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un kí o tó gbé ìwé yìí kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bẹ ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.