Èéfín Nínú Yàrá Ata

Bẹ̀llò jẹ tuwó tán, ó lá ìka rẹ̀, ó fi ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ata ọbẹ̀ rẹ̀ fẹ́ ya òun létí, ó sì wọ yàrá ata lọ sùn. Òun ló máa ń ṣọ́ ata gbígbẹ níbẹ̀ nítorí olè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wálẹ̀, kò lè gbé e sókè mọ́. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè sọ ohun tó ṣe é. Kí oòrùn tó mú, ó ti kú. Ọkùnrin tó ń ru àpò ọkà bíi pé òwú ni! Kò ṣàìsàn, kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò nà án.

"Wọ́n so ó láhọ́n ni," ni ìyá rẹ̀ ń wí, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀. "Kó má baà dárúkọ ẹni tó pa á."

Ẹni tí ìyá náà ní lọ́kàn kò jìnnà. Suwebat ni, ìyàwó Wahab tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Bẹ̀llò. Láti Ìlọrin ni Wahab ti mú un wá sí Saria, nígbà tí koríko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Sábó, àdúgbò wọn. Ọ̀nà Bómò ni ilé wọn wà, oko ata sì wà lẹ́yìnkùlé, létí fàdámà, ilẹ̀ àbàtà tí kì í gbẹ bọ̀rọ̀.

Lọ́dún náà, ata ilé náà kú. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni Wahab gbìn ín sí. Omi òjò dúró nídìí rẹ̀, gbòǹgbò ata kì í sì í fẹ́ omi tó dúró. Ewé pọ́n, igi dọ̀bálẹ̀. Suwebat ti kìlọ̀ fún un, ó ní kó kọ ebè gíga. Wahab rẹ́rìn-ín, ó ní obìnrin kì í kọ́ ọkùnrin níṣẹ́ oko. Nígbà tí tirẹ̀ kú tán, ata wẹẹrẹ ìyàwó rẹ̀ dúró lórí ebè gíga lábẹ́ igi àjàgbọn, ó so, ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Báwo ni ìdílé yóò ṣe dárí jì í? Wọ́n ní ó ti fa omi ara ata tó kù mu ni, kó tó kan Bẹ̀llò.

Ẹyẹ tún dá kún un. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á dé sórí igi àjàgbọn, wọ́n á máa bọ́ sílẹ̀ wá ṣa ata tó pọ́n jẹ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ata kì í ta ẹyẹ. Àmọ́ bí òkú bá ti sùn nílé, ohun táyé mọ̀ a máa fò lọ lórí wọn.

"Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dé yẹn," ni Ìyá Wahab wí. "Ẹ wò ó, kò lé wọn."

"Díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, Ìyá," ni Suwebat wí. " Ibi tí wọ́n bá sì yàgbẹ́ sí, ata á hù níbẹ̀."

"Kí lo máa ń fi òrí pa lọ́wọ́ kó o tó gbé ọmọ?"

"Ata ni mo ń pa kúrò. Bí mo bá fi ọwọ́ tó ṣa ata kan ojú Mùínàt, yóò sunkún dálẹ́."

"Ìyá tèmi náà gbin ata. Mi ò rí i kó pa nǹkan kan lọ́wọ́."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Haba! Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀, ìwọ ń fún mi lésì!" Ó já Mùínàt gbà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ọ̀hún kò tíì já lẹ́nu ọmú. "Kò ní mu ọmú yẹn mọ́ títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi yanjú."

Wahab jókòó síbẹ̀. Ẹnu tirẹ̀ wúwo ju ti àbúrò rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ òun kò kú.

Suwebat ń gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ láti yàrá kejì, ọmú rẹ̀ kún, ó ń dùn ún. Ó ro ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí apá Ìlọrin. Ṣùgbọ́n bó bá dúró, àjẹ́ ni. Bó bá sá, àjẹ́ tó jẹ́wọ́ ni, ọmọ á sì kù sẹ́yìn.

Wọ́n pe bókà kan láti Básàwá, oníṣègùn tó ń fi èéfín ata wá àjẹ́. Ó ní kí wọ́n ti obìnrin náà mọ́ yàrá ata, kí ata jó níbẹ̀. "Ẹni tí kò lẹ́bi á wúkọ́. Àjẹ́ kì í wúkọ́. Bó bá wúkọ́, ẹ gbé ọmọ rẹ̀ fún un. Bí kò bá wúkọ́, kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, kọ́mọ dúró."

Láti kékeré ni Suwebat ti ń yan ata lórí ààrò. Èéfín rẹ̀ kì í mú un wúkọ́ mọ́. Ìyá Wahab mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ti máa ń fi yangàn fáwọn aládùúgbò.

Wahab yọ́ bá a lẹ́yìnkùlé. "Ìyá Mùínàt, jọ̀wọ́, ṣáà wúkọ́. Bó bá gba irọ́, pa á."

"Ṣé o gbà pé èmi ni mo pa á?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo ní kó o wúkọ́ ni."

Inú bí Suwebat débi pé ó fẹ́ kọ̀. Ó rántí Mùínàt, ó pinnu pé òun á wúkọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ilé kún. Bókà ní kí Suwebat fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ata sórí ẹyin iná inú ìkòkò nínú yàrá ata, ẹ̀kúnwọ́ méjì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n fi àkísà dí abẹ́ rẹ̀. Òkùnkùn ṣú, àfi iná pupa ìkòkò náà. Suwebat ya ẹnu láti wú ikọ́ irọ́ rẹ̀.

Ohun kan wọ́ jáde láti inú ihò eku lẹ́yìn àpò ata. Ó wọ́ gba iwájú ẹyin iná kọjá, ó dìde láàárín Suwebat àti ilẹ̀kùn, ó sì fẹ ọrùn rẹ̀ bí igbákọ.

Sèbé ni.

Suwebat kò mira. Bó bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, ejò náà yóò bù ú jẹ. Ìgbà náà gan-an ni ata tó ti ń fojú di láti kékeré wá mú un lọ́fun. Ikọ́ gidi! Ó gbé e mì. Ó tún wá, ó tún gbé e mì. Omijé bo ojú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́!" ni bókà ké níta. "Kò wúkọ́!"

"Mo sọ ọ́!" ni Ìyá Wahab wí. Mùínàt bú sẹ́kún ní apá rẹ̀, omi ọmú sì ń dà sí aṣọ Suwebat. Ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì rò ó pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà ní Ìlọrin ṣì lè rí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó pa ẹnu dé.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ni Wahab kò lè gbà mọ́. "Ẹ ti pa á!" Bókà dì í mú, ó ní kò tíì tó. Wahab tì í ṣubú, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Èéfín dà síta. Sèbé yí orí sí ìmọ́lẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó wọ àárín àwọn èèyàn. Bókà ló kọ́kọ́ fò sórí odó. Ọkọ́ ni Wahab fi pa ejò náà.

Ó dúró tì í, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo wẹ òkú Bẹ̀llò," ni ó wí. "Àpá kéékèèké méjì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní ẹ̀gún ni." Ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá, mo ní ẹ̀gún ni."

Suwebat rá jáde, ó ń wúkọ́. Ó wú u títí ó fi dọ̀bálẹ̀.

Ìyá Wahab gbé Mùínàt wá. "Gba ọmọ rẹ."

Ọmọ na ọwọ́. Suwebat kò gbà á. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó pọ́n fún ata sókè.

Ìyá Wahab wò ó pẹ́. Ó gbé ọmọ fún Wahab, ó wọlé lọ mú òrí, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì ń pa ọwọ́ náà fún un ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ẹkún gbà á. Ó fi ọwọ́ nu ojú ara rẹ̀, ó sì figbe ta, ó ń fọwọ́ wá omi káàkiri bí afọ́jú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá," ni Suwebat wí. Ó ti gba ọmọ rẹ̀, ó ti fi ọmú sí i lẹ́nu. "Ẹ kọ́kọ́ pa tiyín náà, kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kan ọmọ."