Ọ̀sán Tí Ilẹ̀ Mì ní Ìtòkú

Ìbínú ni Bùsírátù fi kọ́kọ́ pàdé Mọ́ṣúdù. Ó bá a níbi tó lóṣòó sí ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìtòkú, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń rẹ aró, ọkùnrin náà ń fi òòlù kékeré gbá àpáta. Lásìkò náà, wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó fún títì, Bùsírátù sì rò pé ọ̀kan nínú wọn ni. Ó ní kó dìde kí òun tó da omi aró lé e lórí.

Mọ́ṣúdù bẹ̀bẹ̀. Ìmọ̀ òkúta ló kà ní yunifásítì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lápá Wásinmi ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní láyé àtijọ́, ilẹ̀ tiwa àti ilẹ̀ Bràsíìlì jẹ́ ọ̀kan, kó tó là sí méjì tí òkun gba àárín rẹ̀, àti pé títí dòní wọ́n ṣì ń jìnnà síra wọn díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù.

“Ta ló ń tì wọ́n?” ni Bùsírátù bi í.

“Ooru ni. Òkúta ìsàlẹ̀ gbóná débi pé ó ń rìn, àwa tó pọ̀n sẹ́yìn sì ń bá a lọ.”

Bùsírátù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá a, torí ọkùnrin náà padà wá, ó sì ń padà wá títí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára.

Alhaji Sàlàhúdíìnì, bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ, kò kọ̀. Ẹni tó ṣòro ni Ìyá Sìlífátù, ẹ̀gbọ́n bàbá, tí wọn kì í fọmọ fọ́kọ nílé náà láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbà tipátipá, wọ́n dá Sátidé kan ní 1984 fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹbí Mọ́ṣúdù ti jókòó tán, Bùsírátù sì wà nínú yàrá, ó ń gbọ́rọ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì. Ìyá Sìlífátù ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu láti kí wọn káàbọ̀ ni ilẹ̀ mì. Páànù orí ilé ń ké, abọ́ ń gbọ̀n lórí tábìlì. Nígbà tó dáwọ́ dúró, Ìyá Sìlífátù nàka sí Mọ́ṣúdù.

“Ilẹ̀ ti kọ̀ ọ́,” ni Ìyá Sìlífátù wí. “A ò lè fọmọ fún ẹni tí ilẹ̀ kọ̀.”

Ṣùgbọ́n Alhaji yíjú sí ọkọ ìyàwó. “Mọ́ṣúdù, ẹ̀yin lẹ ń fi ẹ̀tù fọ́ òkúta. Àbí ẹ̀tù tiyín ló mi ilé wa?”

Gbogbo wọn mọ̀ pé Alhaji ń wá ọ̀nà àbáyọ fún un ni. Kó ṣáà ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí. Bùsírátù di kọ́tìnì mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn pé, olólùfẹ́ mi, jọ̀ọ́, pa irọ́ kan yìí.

“Rárá, sà,” ni Mọ́ṣúdù wí. “A kì í yin ẹ̀tù ní Sátidé. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mì. Nígbà tó ya kúrò lára Bràsíìlì, ó fi àpá sílẹ̀ lábẹ́ òkun, àpá náà sì nasẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Mo rò pé ojú àpá ló yẹ̀.”

Ìyá Sìlífátù ní Mọ́ṣúdù ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mì. Wọ́n dá ẹ̀bùn tí ẹbí Mọ́ṣúdù gbé wá padà, àwọn àlejò sì jáde lọ.

Bùsírátù gba ẹ̀yìnkùlé, ó lé Mọ́ṣúdù bá lẹ́nu títì. Ó fi igbe bi í bóyá ẹnu rẹ̀ yóò já bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́ṣúdù ní òun fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ, ṣùgbọ́n òun kò lè fi irọ́ gbé e níyàwó, kí òun wá máa ṣọ́ irọ́ náà títí ayé. Bùsírátù kẹ́yìn sí i, ó sunkún wọlé.

Kí ọjọ́ tó rọ̀ ni Mùsílíù, àbúrò Alhaji, ti Ìjẹ̀bú-Òde dé. Ó ní ilẹ̀ mì níbẹ̀, wọ́n sì ní ó mì ní Kọ́bapẹ́ tó wà lójú ọ̀nà náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni Alhaji wí, “ṣé gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ Bùsírátù lónìí?”

Ìyá Sìlífátù pe Bùsírátù jáde. “Ọkùnrin yìí ò lè purọ́, kódà nítorí tìrẹ. Ọjọ́ tí ọbẹ̀ rẹ ò bá dùn, yóò sọ fún ọ. Ọjọ́ tí o bá ṣẹ̀ mí, yóò sọ fún mi. Ṣé o lè bá a gbé?”

Bùsírátù nu ojú rẹ̀.

“Inú ṣì ń bí mi sí i, ìyá mi,” ló wí. “Ẹ bá mi ránṣẹ́ pè é ní Wásinmi kí ilẹ̀ tó ṣú.”