Ọlọ Kọfí Ẹ̀yìn Ògiri

"Egungun ta lẹ ń lọ̀ níbẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn! Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́!"

Ọmọbìnrin kan tó ń tún máṣìnì ìránṣọ ṣe ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀, ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo àti sukudiráfà lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun mú sukudiráfà dání. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí inú bá bí i ló máa ń bá a jáde.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin gíga kan yọjú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsùlù tó fi há etí.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ má kí mi! Kí lẹ ń lọ̀?"

"Kọfí ni."

"Irọ́! Kọfí inú agolo, omi gbígbóná lásán ni wọ́n ń dà lé e, kì í ké. Ohun tí mò ń gbọ́ yìí, gbúrúgbúrú ni, gbúrúgbúrú, á wá fò lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀ẹ̀! Mo kọ́kọ́ rò pé òkúta ni. Nígbà tó yá, mo ní egungun ni. Lánàá, mo ti ń rò ó pé eyín ni."

"Eyín ta ni?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn!"

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀ jáde.

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ariwo ló ń bí ọmọbìnrin yìí nínú. Ẹni tó ń jí bá máṣìnì mẹ́tàdínlógún nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í sá fún ariwo. Àìmọ̀ ló ń bí i nínú. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀: bí nǹkan bá ń yí níbì kan tí kò mọ ohun tó ń yí i, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀.

"Ẹ wọlé wá wò ó," ni ọkùnrin náà wí.

Àwòrán ilé ló ń yà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Bébà kún orí tábìlì gígùn, òrùlé níhìn-ín, àtẹ̀gùn lọ́hùn-ún, ilé tí kò tíì ní ilẹ̀kùn. Lójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù, ohun kan dúró: irin dúdú, ṣooro bí ìgò omi kékeré, kò ju ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó ní ọwọ́ kan lókè bí ọwọ́ máṣìnì àtijọ́.

"Èyí? Nǹkan bíńtín yìí ló ń gba oorun lójú mi?"

Ọkùnrin náà ṣí orí rẹ̀, ó da hóró kọfí sí i, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há a mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Gbúrúgbúrú. Òórùn kan dìde nínú yàrá náà, òórùn igi sísun àti ṣúgà tó jóná díẹ̀. Imú ọmọbìnrin náà dé ìdí ọlọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

"Ẹ ṣí abẹ́ rẹ̀ kí n rí i. Kí ló ń gé e? Eyín irin? Méjì ni? Èwo ló ń yí, èwo ló dúró?"

"Èyí tó wà nínú ló ń yí. Òrùka yìí ló ń sọ bó ṣe máa kúnná tó. Ẹ yí i wò."

Ó yí i. Kẹ́, kẹ́, kẹ́, ni òrùka náà ń dún.

"Ẹ yí i pa pátápátá, kí ẹ wá máa ka kẹ́ rẹ̀ bọ̀. Kẹ́ méjìdínlógún ni mo máa ń lò. Bó bá dín, kọfí á kúnná jù, á korò. Bó bá lé, á rí wóró-wóró, ẹ ó kàn máa mu omi ìfọwọ́."

Ọmọbìnrin náà gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ fóònù. "Ọlọ yín ń ṣàìsàn."

"Àìsàn kẹ̀?"

"Bó bá yí lẹ́ẹ̀mẹta, á fò. Wáṣà kan, irin róbótó pẹlẹbẹ, ti jábọ́ lára ọ̀pá àárín. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Rárá."

"Èmi gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri."

Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ó yọ wáṣà lára máṣìnì kan tó ti kú láti ọdún kẹta, ó padà wá tì í bọ̀ ọ́. Nígbà tó tún yí ọlọ náà, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ń kùn jẹ́jẹ́ bí ológbò tó yó. Àwọn méjèèjì tẹ́tí sí i. Bí ojú wọn ṣe ṣe mẹ́rin nìyẹn.

Ọkùnrin náà bu kọfí fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó fajú ro.

"Ó korò! Ṣùgbọ́n ó lóhun tó ń sọ. Ẹ bù ú kún un."

Láti ọjọ́ náà, ẹnì kan á yí ọlọ, ẹnì kejì á gbé omi kaná. Ẹni tó bá ń bọ̀ á kọ́kọ́ kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin náà sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Òun náà sọ ọkùnrin náà ní Jẹ́jẹ́, nítorí kò gbọ́ ọ kó bínú rí. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un á ní kó sún fèrèsé kan nínú àwòrán nígbà méje, Jẹ́jẹ́ á ní, "Kò burú." Wọ́n á ní kó dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. "Kò burú." Abẹ́rẹ́ á máa hó bí omi kẹ́tùlù níbi tó jókòó sí.

Bàbá rẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́ máṣìnì, sọ fún un lórí fóònù pé, "Ọmọ mi, ọkùnrin tí kì í bínú, ta lo fẹ́ máa bá jà?"

"Bàbá, èmi nìkan tó méjì."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jẹ́jẹ́ ń yí ọlọ lọ, ó kàn dáwọ́ dúró. "Abẹ́rẹ́, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Èmi, àbí wáṣà mi?"

"Èmi àti ọlọ la jọ nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Hẹn-ẹn. Èmi ti nífẹ̀ẹ́ rẹ láti ìgbà tí mo rò pé eyín èèyàn lò ń lọ̀."

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló kù. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló tọ́ Jẹ́jẹ́ dàgbà. Ó ti gbọ́ nípa Abẹ́rẹ́, ohun tó gbọ́ kò sì wù ú.

"Obìnrin tí ìdọ̀tí irin wà lábẹ́ èékánná rẹ̀? Tó tún fi ọdún mẹ́rin jù ọ́ lọ? Màá wá fojú mi rí i ní Sunday."

"Kò burú, màámi," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Abẹ́rẹ́ fẹ́ kí ọjọ́ náà dára débi pé kò fẹ́ kí ọlọ dún rárá. Ní Saturday, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tú u palẹ̀ dórí wáṣà tó kéré jù. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé ohun tó bá ń yí, òróró ló ń tọrọ. Ó kán òróró máṣìnì ẹ̀ẹ̀mẹta sí ọ̀pá, ó kán ẹ̀ẹ̀mejì sí eyín irin. Ọlọ náà wá ń yọ̀ bí ẹja lọ́wọ́. Inú rẹ̀ dùn, àfi bíi kó pe èèyàn wá wò ó.

Ní Sunday, màámi dé pẹ̀lú bàtà funfun, bí ẹni tó fẹ́ wọ wọ́ọ̀dù. Kò tíì jókòó tó fi ń wo ìka Abẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

"O ṣeun. Abẹ́rẹ́ ni mo gbọ́ pé wọ́n ń pè ọ́. Èmi, ogójì ọdún ni mo fi gún abẹ́rẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú un."

Wọ́n gbé kọfí wá. Màámi mu ẹnu kan, ó dá ife padà sórí tábìlì bí ẹni gbé ejò sílẹ̀.

"Epo! Ọmọ yìí fẹ́ pa mí!"

Abẹ́rẹ́ tọ́ tirẹ̀ wò. Kò tíì dé ọ̀fun tó fi mọ̀ ọ́n, bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ ti mu tirẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ife.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn."

"Jẹ́jẹ́, òróró máṣìnì ni. Èmi ni mo fi sí i, àṣìṣe mi ni, ẹ jọ̀ọ́, màámi, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ìwọ, ó dùn?"

"Kò burú."

Màámi rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi nìyẹn! Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Oògùn yòówù kí n bù fún un ní kékeré, màá ní, gbé e mì, kó o ní ó dùn. Á gbé e mì, á ní ó dùn. Kò sunkún rí. Bí mo bá sì ní kó tu ìwọ náà dànù lónìí, á tu ọ́ dànù."

Abẹ́rẹ́ dúró de Jẹ́jẹ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń kà á: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó kà á dé méjìdínlógún. Jẹ́jẹ́ ń wo ìsàlẹ̀ ife.

Abẹ́rẹ́ dìde, ó gbé ọlọ náà.

"Ẹni tó lè mu òróró máṣìnì kó ní ó dùn, ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bá bú mi, á ní ó dùn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń tún ohun tó ń fò ṣe, Jẹ́jẹ́. Ohun tí kì í dún rárá, bàbá mi ò kọ́ mi."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án, ẹnì kankan ò kan ògiri.

Abẹ́rẹ́ tú ọlọ náà, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó fi búrọ́ọ̀ṣì họ eyín irin, ó lọ àṣẹ́kù kọfí gba inú rẹ̀ títí òórùn òróró fi tán. Ìbínú ò jẹ́ kó dá a padà. Síbẹ̀, lárààárọ̀, etí rẹ̀ á fà mọ́ ògiri. Kí ló ń mu báyìí? Ṣé omi lásán ni? Kí ló dé tó ń rìn láti fèrèsé sí ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn sí fèrèsé?

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, wọ́n kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Kò dùn," ni Jẹ́jẹ́ wí. Kò tiẹ̀ kí i.

"Kí ni kò dùn?"

"Kọfí yẹn. Inú run mí fún ọjọ́ méjì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Abẹ́rẹ́, ó gé ètè jẹ. "Ìgbà wo lo tó mọ̀?"

"Bó ṣe kan ahọ́n mi ni. Ṣùgbọ́n bí màámi bá ti ń wò mí, ọ̀fun mi á kàn ṣí fúnra rẹ̀."

"Èmi kọ́ ló yẹ kó o wá sọ ọ́ fún. Èmi tí mo ṣe é mọ̀ pé kò dùn. Ìgbà wo ni wọ́n tún ń bọ̀?"

"Sunday."

"Èmi ni màá lọ kọfí. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ, níwájú wọn. Lọ sọ fún wọn pé ohun tí mò ń dúró dè nìyẹn. Bí kò bá jáde, màá dá ọlọ rẹ padà, màá sì kó lọ síbi tí ògiri rẹ̀ nípọn."

Ní Sunday, ojú Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń fojú ka òwú lára aṣọ, kò ka òrùka ọlọ. Nígbà tó tún un tò, kẹ́ mọ́kànlá ló fi í sí. Kọfí náà kúnná bí páúdà. Omi dúró lé e lórí, ó kọ̀, kò wọlé, nígbà tó sì gbà láti sọ̀kalẹ̀, ó dúdú bí ọ̀dà. Ìgbà náà ló rí ohun tó ṣe. Màámi sì ti gbé ife.

Ó mu ún. Ojú rẹ̀ kò mì, ojú nọ́ọ̀sì ni. Ó wo Abẹ́rẹ́, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ọmọ mi sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kan lò ń dúró dè lẹ́nu òun. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ. Mu, ọkọ mi. Ó dùn àbí kò dùn?"

Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé pańpẹ́ ni. Bí Jẹ́jẹ́ bá ní ó dùn, òun ń kó lọ. Bó bá ní kò dùn, màámi á ní Jẹ́jẹ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ Abẹ́rẹ́. Ọwọ́ màámi ti wà lórí báàgì rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ mu ẹnu kan. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú ọkàn. Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́.

Ife dún lórí tábìlì, gbà!

"Kò dùn."

Màámi fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín. "O gbọ́ bí, ọmọ yìí? Òun fúnra rẹ̀ ló tu ọ́ dànù."

"Mi ò tu ú dànù, màámi. Kọfí ni mo ní kò dùn. Òun ni màá fẹ́. Oògùn yín náà, kò dùn rí."