Kóńgò Tí Wọ́n Fi Wọn Jákà

"Bí ẹ bá ń wá olóòótọ́ ní gbogbo Ẹ̀pẹ́, ẹ dúró níwájú mi, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ!"

Fàwáz ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Ọ̀la ni ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Òun ló ń pe ìrun nílé-ẹ̀kọ́ wọn, kò sì pa ààwẹ̀ kankan jẹ.

Lèmọ́mù gbọ́ ọ. "Ó dáa, olóòótọ́. Kóńgò mọ́ṣáláṣí ti jò. Sáré lọ yá ti ìyá rẹ wá, ká fi wọn ìrẹsì jákà fún àwọn aláìní."

Fàwáz kò sáré. Ìrẹsì Ìmọ̀ta ni ìyá rẹ̀, Rọ̀kíbátù, ń tà lọ́jà. Fàwáz fúnra rẹ̀ ló fi òòlù lu ìdí kóńgò náà wọnú, kó má baà gba ìrẹsì púpọ̀. "Gbogbo ọjà ló ń ṣe é," ni ìyá rẹ̀ wí nígbà náà. Fàwáz lù ú tán, ó ṣe àlùwàlá, ó lọ pe ìrun.

Ó mú kóńgò náà wá. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ń wọn ìrẹsì, wọ́n ń ṣe àmín. Fàwáz ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo òkú tí kò mọ̀ rí. Ẹ̀rù kò bà á. Inú rẹ̀ kàn ṣófo bí àpò tí wọ́n gbọ̀n.

Ó kan Ìyá Waliyah, opó tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Ó mi abọ́ rẹ̀ wò. "Ó mà kéré lọ́dún yìí. Àbí ojú mi ni?"

"Ojú yín ni, màmá," ni Rọ̀kíbátù yára dáhùn.

"Kì í ṣe ojú wọn," ni Fàwáz wí, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. "Kóńgò ni. Èmi ni mo lu ìdí rẹ̀ wọnú."

Ariwo ta. "Bí jákà ò bá pé, ààwẹ̀ wa ńkọ́?"

Alájì Múdàṣírù, tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà, fò dìde. "Amòòkùn jalè, bí ọba ayé ò rí ẹ, Ọba ọ̀run ń wò ẹ́! Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n lọ mú kóńgò tèmi wá!"

Ó rìn dé ẹnu géètì. Ó dúró. Ó padà wá jókòó.

"Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù," ló wí.

Wọ́n wo ìyá elélùbọ́. Ó ní kọ́kọ́rọ́ òun ti sọnù. Wọ́n ké sí Ìyá Ògoolúwa, onígààrí, ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì ọ̀nà. Ó gbọ́ "kóńgò" báyìí, ó pa fèrèsé dé.

"O ti bà mí jẹ́ lójú ayé," ni Rọ̀kíbátù sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Mo mọ̀, màámi. Èmi náà bàjẹ́ mọ́ yín."

Lèmọ́mù ní, "Ọlọ́run tí ẹ ń forí balẹ̀ fún níbí náà ló ń wò yín lọ́jà. Ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ lórí ìwọ̀n, kó má fi ìrun yangàn." Ó da ìrẹsì náà padà sórí ẹní, ó ká ọwọ́ agbádá rẹ̀.

"Ẹ̀kúnwọ́ la ó fi wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ nìkan lẹ ò tíì lù wọnú."