Ọwọ́ Òsì Létí Odò

Níwájú ìjọ, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Jonesboro, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ni Oyèrónkẹ́ ti kọ́kọ́ rí Ọláfimíhàn. Agbádá funfun ló wọ̀, ó sì gbé jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn lé e lórí, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi. Ó de tọ́ọ̀ṣì kan mọ́ iwájú orí, iná rẹ̀ sì ń tàn sójú àwọn alàgbà tó jókòó níwájú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "àwọn kan nínú yín ti lo ogún ọdún ní Atlanta. Ẹ lọ síbi iṣẹ́, ẹ padà sílé. Ẹ lọ sí mall, ẹ padà sílé. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Belize lóṣù kẹfà. Orílẹ̀-èdè kékeré ni, ọkọ̀ lè rìn ín já lóòjọ́. Ẹ máa gun òkè táwọn ará ìgbàanì fi òkúta mọ. Ẹ máa jókòó sínú táyà, odò á sì gbé yín gba inú ihò àpáta kọjá."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló máa sanwó lọ kó sínú ihò. Oyèrónkẹ́ ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ibi iṣẹ́ sì ti tán an lókun lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ń wo ọkùnrin tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò sì mira, ọkàn rẹ̀ fà sí i lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó pẹ́.

Bí ìsìn ṣe parí ló lọ bá a.

"Brother, ṣé ẹ̀yin fúnra yín mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́, Sister?"

"Èmi náà mọ̀ ọ́n," ni Oyèrónkẹ́ wí. Irọ́ funfun báláú ni. Omi tó ju ti báfù lọ, kò wọ̀ ọ́ rí.

Kí oṣù tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Fimíhàn ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Downtown, níbi tó ti ń ṣètò ìrìn àjò fáwọn èèyàn. Bí Oyèrónkẹ́ bá ń lọ sí shift, á tètè sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á sì jọ jẹ ìrẹsì nínú abọ́ kan náà.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ ẹran yẹn," Fimíhàn á ní. "Kò sẹ́ni tó ń tọ́jú nọ́ọ̀sì."

"Ìwọ tó o sá kúrò ní nursing school lo fẹ́ máa tọ́jú nọ́ọ̀sì?"

Lóòótọ́ ló sá. Nígbà tó ti Nàìjíríà dé, gbogbo ayé ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, torí iṣẹ́ tí kì í tán nìyẹn. Ó ṣe é fọ́dún kan, ó jáde. Ó ní òun ò lè torí káwọn èèyàn lè sọ pé òun ríṣẹ́ gidi, kóun máa jí lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí Oyèrónkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ débi tí kò ṣeé yí padà.

Bàbá Oyèrónkẹ́, Alàgbà Nathaniel Oyèkànmí, ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, Oyèrónkẹ́ nìkan ló sì bí.

"Kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an?" ó bi ọmọ rẹ̀. "Amọ̀nà? Sí ibo?" Nígbà tó rí i pé ó ti pinnu láti lọ, ó ní, "Ó dáa. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ fún mi ò ní dá wọ inú ihò. A jọ ń lọ ni."

Àwọn mọ́kànlá ló wọ bàálù lóṣù kẹfà. Bí ìrìn àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ayọ̀ ni. Bàbá gun òkè olókùúta náà dé téńté, ó dúró, ó ń wo igbó tó lọ salalu. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé abúlé kan létí òkun, ti àwọn Gàrífúnà, tí àwọn baba ńlá wọn kan ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Ìyá àgbà kan ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú odó, ọbẹ̀ ẹja àti àgbọn ń hó lórí iná. Bàbá gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyá náà, ó gún un kíkankíkan títí òógùn fi bò ó. Alẹ́ ọjọ́ náà ló sọ fún ọmọ rẹ̀ pé Fimíhàn, ọmọkùnrin yẹn, gbìyànjú. Inú Oyèrónkẹ́ dùn débi pé kò lè jẹun mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n wọ odò. Fimíhàn so táyà gbogbo wọn pọ̀ mọ́ okùn kan, àfi ti Bàbá.

"Èmi kì í ṣe ewúrẹ́," Alàgbà ní. Fimíhàn bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Omi inú ihò náà pa rọ́rọ́, wọ́n bá fi í sílẹ̀.

Níbi tí ihò ti parí, òjò àná ti jẹ́ kí odò máa sáré. Fimíhàn fò sórí àpáta, ó fi okùn wé ọwọ́ ọ̀tún, ó ń fa àwọn èèyàn bọ̀ létí. Oyèrónkẹ́ ló wà ní ìparí okùn. Ó yíjú wá bàbá rẹ̀, táyà rẹ̀ sì dojú dé lẹ́yìn òkúta ńlá kan, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i àfi Fimíhàn. Ó gbá okùn mú, omi ń wọ imú rẹ̀, odò ń fà á lọ sáàárín òkúta. Ìgbà yẹn gan-an ni táyà Bàbá dé ẹ̀gbẹ́ àpáta.

Fimíhàn na ọwọ́ tó ṣófo sí i. "Daddy, ẹ di ọwọ́ mi mú."

Ọwọ́ òsì ni. Látìgbà tí Alàgbà Oyèkànmí ti dáyé, ọmọdé kan ò na òsì sí i rí. Bó ṣe rí i, ó fa ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ gbà mí o, odò ò mọ àgbà. Ó gbé Bàbá kọjá, ó lọ jù ú sínú ẹ̀gún nísàlẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, bàtà rẹ̀ kan bómi lọ. Kí wọ́n tó yọ ọ́, Oyèrónkẹ́ ti gúnlẹ̀, ó ń wúkọ́.

"Má sọ fún Daddy pé omi fẹ́ gbé mi lọ," ó sọ fún Fimíhàn. "Bó bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí n jáde nílé mọ́ láé. Ṣèlérí fún mi."

Fimíhàn ṣèlérí.

Nígbà tí wọ́n padà dé Atlanta, tí Oyèrónkẹ́ sọ pé Fimíhàn fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá mọ ẹbí, bàbá rẹ̀ ní, "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Baba fúnra rẹ̀ lòun na òsì sí, níwájú èrò. Kó wá sọ níwájú ẹbí pé òun jẹ̀bi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó gbàgbé rẹ."

Gbogbo ìjọ ní kó lọ bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí ló máa ná an.

"Màá dọ̀bálẹ̀," Fimíhàn sọ fún Oyèrónkẹ́. "Bàbá mi ni wọ́n. Àmọ́ mi ò ní sọ pé mo jẹ̀bi. Bí mo bá sọ pé ọ̀tún ló yẹ kí n nà, ohun tí mo sọ ni pé ó yẹ kí n jọ̀wọ́ rẹ fómi. Ẹnu mi ò ní sọ ọ́, Rónkẹ́. Láéláé."

Oyèrónkẹ́ sunkún lọ́jọ́ náà. Ojú tì í pé ẹ̀rù òun lòun fi dí olólùfẹ́ òun lẹ́nu.

Ọ̀sán Sátidé kan lóṣù kẹwàá, Fimíhàn wá sílé wọn. Aunty Edith, àbúrò Bàbá, ti wá láti Ellenwood nítòsí. Fimíhàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.

"Mò ń gbọ́," Bàbá ní. "Sọ pé o jẹ̀bi."

"Ẹ má bínú pé ẹ farapa, sà. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí a bá padà dé ibẹ̀ lọ́la, ọwọ́ yẹn náà ni màá nà sí yín."

"Dìde, máa lọ."

Oyèrónkẹ́ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Fimíhàn. 

"Daddy, èmi ni mo wà nídìí okùn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Táyà mi dojú dé, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Èmi ni mo ní kó má sọ fún yín. Ọwọ́ wo lẹ fẹ́ kó tú sílẹ̀, sà?"

Bàbá yíjú sí ojú fèrèsé.

"Iwájú yín ni mo fẹ́ ti ṣègbéyàwó," Oyèrónkẹ́ ní. "Ìre yín ni mo fẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá lé e, a jọ máa jáde ni, a ó sì jọ padà wá lọ́la, lọ́tùn-únla, títí ẹ ó fi ṣílẹ̀kùn. Òun ni mo máa fẹ́."

"Bọ̀dá mi," Aunty Edith ní, "bí a bá fi ọ̀tún na ọmọ, òsì la fi í fà á mọ́ra. Ẹ̀yin lẹ máa ń pa á lówe fún wa."

"Edith, dákẹ́ ná." Bàbá yíjú sí Fimíhàn. "Láti oṣù kẹfà ni mo ti ń bú ọ. Mo bú ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo bú ọ lórí fóònù. O sì gbà láti pàdánù rẹ̀, kàkà kó o sọ?"

"Ó ní kí n má sọ, sà. Mi ò sì ní pàdánù rẹ̀. Mo ti múra láti máa wá ni."

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń kà á bóyá ó pé.

"Bí odò yẹn bá gbé ọ lọ, Oyèrónkẹ́, kí ni ǹ bá sọ fún ìyá rẹ?"

 Bàbá dìde lórí àga, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi kan kápẹ́ẹ̀tì níwájú wọn.

"Olóríkunkun ni yín, ẹ̀yin méjèèjì," ó ní. "Fimíhàn, kó àwọn èèyàn rẹ wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti fún ọ lọ́mọ mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún wọn. Ó dárúkọ Oyèrónkẹ́, ó dárúkọ Ọláfimíhàn, ó ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí wọ́n já ara wọn sílẹ̀, ibẹ̀ lẹkún ti gbà á. Aunty Edith ló bá a parí àdúrà náà.